Ọtí Ilé Ìpọntí Tó Ti Kú

                                        Ilé Aláwọ̀ Ewé,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìpọntí,
                                        Òpópónà Etí Odò.
                                        Ọjọ́ Àìkú, ìparí oṣù kẹwàá.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ mi ńkọ́? Ṣé eyín tó ń yọ àbíkẹ́yìn yín lẹ́nu ti jáde, àbí ó ṣì ń fi ẹkún dá oorun mọ́ yín lójú? Ọrùn ọwọ́ rẹ tí òòlù bà lóṣù tó kọjá, ṣé ó ti jinná? Mo mọ̀ pé bí kò tilẹ̀ tíì jinná, wàá ní ó ti jinná. Bí o ṣe máa ń ṣe láti kékeré nìyẹn. Tiwa níbí, ara le, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọkọ mi ń kí yín. Ikọ́ rẹ̀ ti lọ, ìhanrun rẹ̀ nìkan ló kù tí kò gbọ́ oògùn. Ọmọ yín obìnrin ti ga jù mí lọ, ó sì ti ń wọ bàtà mi jáde láìtọrọ.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Mo kà á sí ọkọ mi létí, a sì jọ rẹ́rìn-ín níbi tí o ti sọ pé ìyàwó rẹ ti di gbogbo abọ́ ilé tán, tó fi jẹ́ pé inú ìkòkò lẹ ti ń jẹun báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa. Jọ̀wọ́, kí o tó ka lẹ́tà yìí síwájú, sọ fún ìyàwó rẹ kó dá ọwọ́ ẹrù dídì dúró. Bí o kò bá tíì sọ fún ọ̀gá rẹ pé o fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀, má sọ ọ́. Bí o bá ti sọ ọ́, padà lọ bá a lónìí, kí o fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀. Èmi ni mo ní kí ẹ máa bọ̀ wá bá wa níbí, èmi náà ni mo ń sọ pé kí ẹ dúró. Jẹ́ kí n ro bó ṣe jẹ́ fún ọ, kí o má baà rò pé orí mi ti yí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó lọ lọ́hùn-ún ni Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. O mọ̀ ọ́n: ọmọ olóògbé tó dá ilé ìpọntí wa sílẹ̀ ni, ọmọkùnrin tó máa ń gun àgbá bí ẹni gun ẹṣin nígbà tí o ń kọ́ṣẹ́ àgbá kíkàn lọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà tó ti gun orí àga bàbá rẹ̀, ká kíra lójú ọ̀nà ni, ó tán. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ní ó ń pè mí, mo rò pé wọ́n ti ká ẹnì kan mọ́ ibi tó ti ń jí ọtí mu ni, pé ó fẹ́ kí n wá gbóòórùn ẹnu onítọ̀hún. Kí ni mo tún fẹ́ rò? Imú ni mo fi ń jẹun. Èmi ni mò ń lọ láti ìdí àgbá dé ìdí àgbá, tí mò ń fi imú àti ahọ́n sọ èyí tó ti tó rọ sínú ìgò àti èyí tó ṣì ń ṣe ọmọdé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ kò tilẹ̀ mọ orúkọ tí bàbá wa sọ mí. Onímú ni gbogbo wọn ń pè mí.

Nígbà tí mo wọlé, mo bá Bàbá Oníná níbẹ̀. Òun ni ó ń dáná sábẹ́ àwọn ìkòkò bàbà ńlá tí a fi ń se ọtí, láti ìgbà tí ìyá wa kò tíì mọ bàbá wa. Ó jókòó sí eteetí àga bí ẹni tó ń bẹ̀rù kí ṣòkòtò iṣẹ́ òun má ba tìmùtìmù jẹ́. Akọ̀wé owó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó kọ̀yìn sí wa, ó ń wo àgbàlá. Mo kí i, ó dáhùn, ṣùgbọ́n kò yíjú padà.

Ọ̀gá nìkan ni inú rẹ̀ dùn. "Àǹtí Onímú, ẹ jókòó, ẹ jókòó," ló ń wí. "Lónìí ẹ ò ní ṣiṣẹ́. Ẹ máa gbádùn ara yín ni."

Àbúrò mi, ara mi kọ̀ ọ́. Bí adìẹ bá rí i pé olówó òun ń da àgbàdo fún òun ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó yẹ kó wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì.

Ìgò kan ló wà lórí tábìlì. Kò dán, kò ga, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fi í rọ epo. Bébà tó wà lára rẹ̀ ti pọ́n bí omi tíì, igun rẹ̀ kan sì ti jẹ dànù. Wisikí ilẹ̀ Sikọ́tíláǹdì ni. Ọ̀gá sọ fún wa pé ilé ìpọntí tó ṣe é ti kú kí wọ́n tó bí òun. Wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n wó ààrò rẹ̀, wọ́n tú àwọn ìkòkò bàbà rẹ̀ tà, wọ́n sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sójú ilẹ̀ ibẹ̀. Àwọn àgbá tó ṣẹ́kù nìkan ni àwọn kan gbé pa mọ́, tí wọ́n ń rọ wọ́n sínú ìgò díẹ̀díẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló rìnrìn àjò lọ gbé èyí wá, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé àpò rẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Bí wọ́n bá mu irú èyí tán láyé," ó wí, "kò sẹ́ni tó lè ṣe òmíràn mọ́. Kódà bí ó lówó ju ọba lọ."

Kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dí ẹnu ìgò náà ti gbó, ó fẹ́ rún mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá Oníná ló bá a gbà á. Ó rọra ń yí i bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọdé, títí ó fi jáde lódidi. Kò dún pọ́ bí kọ́ọ̀kì ṣe máa ń dún. Ìgò náà kàn mí èémí kan ṣoṣo, ó sì dákẹ́.

N kò tíì gbé ife kan imú tí òórùn náà ti wá pàdé mi lójú ọ̀nà. Èéfín ló kọ́kọ́ wọlé, kì í sì í ṣe èéfín iná tó ń jó, èéfín iná tí òjò pa ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni oyin, èèpo ọsàn gbígbẹ, ìda, awọ bàtà àtijọ́, àti nǹkan kan bí okùn ọkọ̀ ojú omi tó ti rẹ sínú iyọ̀. Mo tọ́ ọ wò. N kò ní purọ́ fún ọ, àbúrò mi: láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò tíì pàdé irú rẹ̀ rí. Kò ta lẹ́nu, kò jó ọ̀fun. Ńṣe ló ń ṣí ilẹ̀kùn lé ilẹ̀kùn, gbogbo yàrá tí mo bá sì wọ̀, ó dà bí ẹni pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde jáde ni. Omi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá rí i, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo gbé e mì, ṣùgbọ́n adùn náà kò lọ. Ó jókòó sí ẹ̀yìn ahọ́n mi bí àlejò tí kò nílé tó máa padà sí. Ọkàn mi ṣàdédé rẹ̀wẹ̀sì, n kò sì mọ ìdí rẹ̀.

Bàbá Oníná fi ètè kan tirẹ̀, ó sì gbé ife kalẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Ó dáa gan-an ni. Àwọn tó ṣe é ńkọ́?"

"Àwọn wo, Bàbá?"

"Àwọn tó ń dáná. Àwọn tó ń kan àgbá. Nígbà tí wọ́n ti ibẹ̀ pa, ibo ni wọ́n gbà lọ?"

Ọ̀gá gbọn èjìká. "Ta ló máa mọ ìyẹn? Ó ti pẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí ilé iṣẹ́ yẹn wà láàyè, kò sẹ́ni tó ń wo ọtí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí wọ́n tì í tán ni gbogbo ayé ń wá a kiri. Ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí àwọn àgbà wí ni? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i."

Bàbá Oníná wò ó. Èjìká bàbá yìí ni Ọ̀gá fi ṣe ẹṣin kó tó mọ àgbá gùn. "Ọ̀gá," ó wí pẹ̀lẹ́, "àwọn tó sùn sínú ilé ọba lọ́jọ́ tó jó ńkọ́? Ẹwà wo ló bù sí tiwọn?"

Akọ̀wé owó wúkọ́ lẹ́bàá fèrèsé. Èmi ni Ọ̀gá kọjú sí, ó tún bu díẹ̀ sínú ife mi, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Àǹtí Onímú, ẹ̀yin lẹ mọ àwọn àgbá wa bí ìyá ṣe ń mọ ọmọ. Bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ jẹ́ẹ́, tí a ò rọ wọ́n, tí a ò sì fi tuntun kún wọn mọ́, ǹjẹ́ wọ́n lè dà báyìí lọ́jọ́ kan?"

Ìbéèrè iṣẹ́ ni, ẹnu iṣẹ́ ni mo sì fi dá a lóhùn. Mo ro ti àwọn àgbá tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, níhà ibi tí omi ti máa ń sun lára ògiri, àwọn tí mo ti ń tọ́ wò láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń ta lẹ́nu bí ata. Mo ní, "Kì í ṣe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan á dà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n á dára ju èyí lọ."

Mo ń yangàn ni o! Ta ni wọ́n á máa bi nípa ọmọ rẹ̀ tí kò ní yangàn? Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu mi tán ni mo rí i pé akọ̀wé owó ti yíjú sí mi. Ojú tó fi wò mí dà bí ojú ẹni tó rí ọmọdé tó ń fi ẹ̀rín sáré lọ sí àárín títì.

Nígbà tí a jáde, Bàbá Oníná dúró lórí àtẹ̀gùn, ó di irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Ó ní, "Ọmọ mi, ọtí ìsìnkú la mu yẹn. A ò kàn tíì gbé òkú náà jáde ni."

Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní Ọ̀gá kàn fẹ́ fi ohun tó ní ṣe fáàrí ni, bí àwọn ọmọ olówó ṣe máa ń ṣe.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà lábẹ́ wa, bí ilẹ̀ tí omi ń jẹ nísàlẹ̀. Lọ́rì tó gbé ọkà bálì tí a fi ń ṣe ọtí wá, ẹnubodè ni wọ́n ti ní kó yí padà. Awakọ̀ náà bú títí ohùn fi há mọ́ ọn lọ́fun. Àwọn gáàdì tuntun dé, àwọn tí kò mọ orúkọ ẹnì kankan, wọ́n fi àgádágodo tuntun sí ilé àgbá. Èmi tí mo ń wọ ibẹ̀ bí ẹni wọ yàrá rẹ̀ wá di ẹni tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹlòmíràn tó ṣí i fún mi. Ní ṣọ́ọ̀bù àwọn kàngbákàngbá, àwọn tó ń kan àgbá wa, pákó tán, kò sì sẹ́ni tó ra òmíràn. Ọ̀gá wọn, ẹni tó fi ọwọ́ sọ̀yà pé òun á gbà ọ́ síṣẹ́, wá ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́, tó bá gbá a tán, á tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ tìrẹ. Ó ní kí n má tíì bi òun. Wọ́n pa iná ìkòkò bàbà kan, wọ́n ní ó fẹ́ àtúnṣe. A kò rí alátùn-únṣe kankan.

Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ o. Kàkà bẹ́ẹ̀, àwàdà ló pọ̀ sí i níbi iṣẹ́, ariwo ẹ̀rín gba gbogbo ilé oúnjẹ, bí ìgbà tí èèyàn ń súfèé kọjá nínú igbó. Mo sọ ìbẹ̀rù mi fún ọkọ mi. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ ti ilé iṣẹ́ pa, ṣé wọn ò ní sọ ni? Mo ní ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́ni kì í kan ilẹ̀kùn.

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá yìí ni wọ́n pe gbogbo wa sí àgbàlá. Ọ̀gá gun ibi tí a ti máa ń kó ẹrù sínú lọ́rì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn. Ó ní láti ìparí oṣù yìí, ilé ìpọntí yóò sùn. Sùn ló wí, kò sọ pé yóò kú. Ó ní kí a fọkàn balẹ̀, pé àwọn àgbá kò ní lọ síbì kankan, ibi tí wọ́n wà náà ni wọ́n á máa gbó sí, ọjọ́ á sì wà tí gbogbo ayé á mọ orúkọ ilé wa. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tu ọlọ́fọ̀ nínú.

Ìyá kan tó ń fọ ìgò nawọ́ sókè. Ó ní, "Ọ̀gá, ilé ìpọntí ti ríbi sùn. Àwa ńkọ́?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì débì kankan tó fi yí padà di nǹkan mìíràn, àwọn gáàdì sì sún mọ́ wa.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá Oníná ní kí wọ́n má jẹ́ kí àjèjì pa iná òun. Èmi nìkan ló ní kí n dúró ti òun. Ó fi irin fa ẹyín iná jáde díẹ̀díẹ̀, ó ń tẹ́ ẹ sílẹ̀, kò bu omi sí i, ó ní omi á jẹ́ kó pariwo. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn ti kú, àwọn ìkòkò bàbà bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Wọ́n ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bí ẹni tó wà nínú tó ń fi ìka kan ògiri. Nígbà tó yá, ìyẹn náà dákẹ́. Inú ìdákẹ́jẹ́ yẹn la ti gbọ́ omi. Odò ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, tí a ń lo omi rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ilé yẹn rí, àfi lọ́jọ́ náà.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ni Bàbá wí. "Ó ń lọ ní tiẹ̀."

Ó wọ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì lọ sílé. Kò sunkún, ìyẹn gan-an ló sì ń já mi láyà. Ìyàwó rẹ̀ ní láti ìgbà tó ti dé, ẹnu ọ̀nà ló jókòó sí, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gbàgbé wọn sọ́dọ̀ òun.

Lánàá ni Ọ̀gá tún pè mí. Lọ́tẹ̀ yìí, kọ́kọ́rọ́ ló wà lórí tábìlì, ìdì kan tó wúwo. Ó ní nínú gbogbo òṣìṣẹ́, èmi nìkan lòun fẹ́ kó ṣẹ́kù. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tọ́jú àwọn àgbá, kó máa gbóòórùn wọn, kó máa tọ́ wọn wò, kó sì sọ ọjọ́ tí wọ́n bá pọ́n.

Mo ní, "Títí di ìgbà wo?"

"Títí wọ́n á fi dà bí èyí tí a mu."

Àbúrò mi, ọkàn mi fò sókè. Mo fẹ́ ẹ. N kò ní fi pa mọ́ fún ọ. Mo rí ara mi pẹ̀lú irun funfun, mò ń rìn láàárín àwọn àgbá wọ̀nyẹn nínú òkùnkùn, èmi àti ohùn odò. Mo gbé ọwọ́ lé kọ́kọ́rọ́ náà, ó tutù bí ẹsẹ̀ òkú. Mo wá bi í nípa rẹ. Mo ní àbúrò mi ọkùnrin ti ń di ẹrù, pé ọ̀gá àwọn kàngbákàngbá ti fún un níṣẹ́.

Ó ní, "Àgbá tó wà nílẹ̀ ti tó. Ẹ ní kó jókòó síbi tó wà."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa lọ́jọ́ tí ẹ pè wá wá mutí?"

Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Mo fẹ́ kí ẹ tọ́ ọ wò ná. Ká ní ẹ ti mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, ẹ ò ní sọ òótọ́ fún mi nípa àwọn àgbá."

Mo ká ọwọ́ mi kúrò lórí kọ́kọ́rọ́. Mo ní, "Ẹ wá ẹlòmíràn."

Ó ní, "Kò sí ẹlòmíràn."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Kò bínú. Ó ti kọ́kọ́rọ́ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní yóò máa wà níbẹ̀, pé ebi a máa gbé èèyàn dé ibi tí onítọ̀hún ti búra pé òun kò ní dé. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ọmọ dáadáa ṣe ń bá àǹtí rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ náà láti àná, n kò sì lè fi gbogbo ẹnu sọ pé irọ́ ló pa.

Mo ròyìn fún ọkọ mi. Ó ní mo ṣe ohun tó dáa, ó wá bèèrè ohun tí a ó máa jẹ. Kò dúró gbọ́ èsì, ó mú ọkọ́, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó ń ro ilẹ̀ tí kò ní koríko. Ní òpópónà wa, àwọn ará ilé kejì ti ń gbé àga àti bẹ́ẹ̀dì wọn síta fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Ó ku díẹ̀ kí àwọn tó kù náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí ara wọn kánkán báyìí, wọ́n sì ń wọlé.

Nítorí náà, ẹ má wá. Sọ fún ìyàwó rẹ pé èmi ni kó bínú sí, kó má bínú sí ọ. Ó sì ku ohun kan tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe. Bá mi béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, àti lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí o bá mọ̀ níbẹ̀, bóyá wọ́n ń wá ẹni tí imú rẹ̀ mú. Ìbáà jẹ́ tíì, ìbáà jẹ́ lọ́fínńdà, ìbáà jẹ́ ọṣẹ, mo lè kọ́ ọ. Bí wọ́n bá ní àwọn ò nílò imú, sọ fún wọn pé mo mọ ilẹ̀ gbá. Má jẹ́ kí ojú tì ọ́ nígbà tí o bá ń sọ ọ́. Èmi náà ti ń kọ́ bí kò ṣe ní máa tì mí.

Bá mi kí ìyàwó rẹ dáadáa, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn àna wa náà. Má jẹ́ kí èsì rẹ pẹ́, kódà bó jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń rò ọ́,

Onímú.